Àṣànpadà Omi àti Olùdánwò Àfọwọ́sí: Èrò Kan Lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí Iṣẹ́ Páìpù

Láti ọdún 1984 tí apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, ti jáde, tí apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 1990, kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá kan tí ó lè fi òótọ́ inú sọ pé òun kò rí ọ̀rọ̀ tí òun yóò fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní gírámà tàbí lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ náà, ó sì yẹ kí a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kan náà jáde ní kíláàsì, kí ó délé, kí ó sì fẹ́ ṣàlàyé fún ẹni tí ó ń bá a tún páìpù ṣe pé ẹ̀rù ń ba òun pé omi ìdọ̀tí lè wọ inú omi tí àwọn ọmọ òun ń mu. Ìgbà náà ni yóò rí i pé èdè tí ó mọ àpólà-ìṣe àti ìpajẹ fáwẹ́lì í pè kò ní orúkọ fún ohun tí ó ń bà á lẹ́rù, kò ní orúkọ fún ẹ̀rọ tí ó lè gbà á, kò sì ní orúkọ fún oníṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ránṣẹ́ pè. Orúkọ mẹ́ta yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí.

Èrò mi ni pé kì í ṣe àìsí owó nìkan ni kì í jẹ́ kí onílé tàbí ọ̀gá ilé-ìwé gba oníṣẹ́ tí ó tọ́ láti wá wo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àìsí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. A kì í bẹ ènìyàn ní iṣẹ́ tí a kò lè dárúkọ, bí a bá sì bẹ̀ ẹ́, ohun tí ó bá wù ú ni yóò ṣe.

Kí a tó máa wá orúkọ kiri, ó yẹ kí a mọ ohun tí a fẹ́ sọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo alápatà kan ní ọjà Ìpatà ní Ìlọrin, ọjà tí a ti mọ̀ mọ ẹran àti àwọn alápatà láti ìgbà pípẹ́. Omi ẹ̀rọ ń yọ. Alápatà wa ki rọ́bà bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó sì ju orí rọ́bà kejì sínú àgbá tí ó ti ń fọ ṣàkì, ìfun àti àbọ̀dí. Àgbá kún, orí rọ́bà rì sínú omi ẹ̀jẹ̀, òun sì yíjú sí oníbàárà. Ní àkókò yẹn gan-an, bóyá páìpù ńlá kan bẹ́ ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, bóyá iná ni ó lọ níbi tí wọ́n ti ń ti omi, ipá omi já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tí ó wà nínú páìpù ń sá lọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀. Bí ó sì ti ń lọ ni ó ń fa omi inú àgbá tẹ̀lé ara rẹ̀, gba inú rọ́bà, gba ẹnu ẹ̀rọ, wọ inú páìpù gbogbo àdúgbò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí bí àwọn ọmọkùnrin ṣe ń fi rọ́bà fa bẹntiróòlù láti inú táǹkì ọkọ̀ ní ìgbà ọ̀wọ́n epo ti mọ bí ọ̀ràn náà ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó fi ẹnu fa ti inú àgbá, kò sì sí ẹni tí ó rí i. Nígbà tí omi bá tún dé ní ọjọ́ kejì, ilé ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ ni omi àgbá náà yóò ti yọ. Ó lè ní àwọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ní.

Irú kejì wà tí kò jẹ mọ́ fífà rárá. Ẹnìkan gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní bọ́hóòlù, sí àgbàlá rẹ̀, kò sì jìnnà tó sí ibi tí ihò ṣaláńgá wà. Kí ó má baà máa ṣe wàhálà, ó so páìpù kànga rẹ̀ mọ́ páìpù omi ìjọba, kí ó lè lo èyíkéyìí tí ó bá wà. Ní ọjọ́ tí ó bá tan ẹ̀rọ tí ń ti omi, tí ipá ẹ̀rọ náà sì ju ti omi ìjọba lọ, omi kànga rẹ̀ yóò ti omi ìjọba sẹ́yìn, yóò sì wọ ilé aládùúgbò. Omi tí a fà láti dáàmù Àsá, tí a sẹ́, tí a fi kẹ́míkà pa kòkòrò inú rẹ̀, tí a náwó lé lórí, ni ó ti di àdàpọ̀mọ́ yìí.

Ó yẹ kí a fi kún un pé àwọn ìlú wa ni irú ọ̀ràn yìí tilẹ̀ kàn jù. Ní ibi tí omi bá ti ń yọ láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀, ipá tí ó wà nínú páìpù kì í fi àyè gba ohunkóhun láti òde. Níbi tí omi bá ti ń yọ lónìí tí kò yọ lọ́la, tí páìpù sì gba inú gọ́tà kọjá, gbogbo ìgbà tí omi bá dá ni ojú ibi tí páìpù ti ń jò di ẹnu tí ń mu omi gọ́tà. Bí ó ti ń jò jáde náà ni ó ń jò wọlé.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, ti fífà àti ti títì, ni èdè Gẹ̀ẹ́sì kó pọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, backflow. Ògbufọ̀ tí ó bá ń kánjú yóò kọ ìpadàsẹ́yìn omi. Mo lòdì sí i. Ìpadàsẹ́yìn ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀: a ń sọ̀rọ̀ nípa ìpadàsẹ́yìn ọrọ̀-ajé, a sì ń sọ̀rọ̀ nípa ìpadàsẹ́yìn nínú ẹ̀sìn. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìpadàsẹ́yìn omi yóò rò pé odò ni ó ń fà, pé ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Ẹlòmíràn lè dábàá omi-àbọ̀, nítorí pé ó kúrú, ó sì dùn lẹ́nu. Àbọ̀ méjì ni a ní, ohùn kan náà ni wọ́n ní: èyí tí ó jẹ́ ìdajì, àti èyí tí ó jẹ́ ìpadàbọ̀. Àbọ̀ garawa ni obìnrin tí ó ń ra omi lọ́wọ́ ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ omi yóò kọ́kọ́ rò. Bí ó bá sì wá jẹ́ pé ìpadàbọ̀ ni ó rò, àbọ̀ tí à ń kí ènìyàn kú ni, ohun ayọ̀ ni. Kò sí ẹni tí yóò sá fún un.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a gbà ni àṣànpadà. Àwọn kan yóò béèrè ìdí tí n kò fi sọ pé àpadàṣàn. Gírámà ni ó dá mi lẹ́kun. Bí a bá sọ pé odò náà padà ṣàn, ohun tí a ń sọ ni pé odò kan tí kò ṣàn tẹ́lẹ̀ wá ṣàn nígbẹ̀yìn. Bí a bá sọ pé odò náà ṣàn padà, a ń sọ pé ó kọjú sí ibi tí ó ti wá. Ipò tí padà wà ni ó ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀-orúkọ tí a bá sì fi àfòmọ́-ìbẹ̀rẹ̀ à- ṣẹ̀dá kì í da ètò ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ rú: ṣe jù ni ó di àṣejù, gbà tọ́ ni ó di àgbàtọ́, sọ tẹ́lẹ̀ ni ó di àsọtẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ṣàn padà yóò di àṣànpadà. Àǹfààní rẹ̀ kejì ni pé ó bí ọmọ méjì tí ó jọ ọ́. Ti àgbá alápatà jẹ́ àfàpadà, ti kànga ẹlẹ́rọ jẹ́ àtìpadà. Kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ ni mo ń ṣe. Ẹ̀rọ kan wà tí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú páìpù ní kété tí ipá omi bá já, tí fífà kò sì lè ṣeé ṣe mọ́. Ẹ̀rọ náà wúlò fún àfàpadà, kò sì wúlò rárá fún àtìpadà. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ méjèèjì lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún un pé èwo nínú méjèèjì ni ó ń dènà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo yẹn kò fún un ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ibi tí omi mímu àti omi àìmọ́ ti lè bá ara wọn pàdé, yálà rọ́bà inú àgbá tàbí páìpù méjì tí a so pọ̀, ni mo fẹ́ kí a máa pè ní ìkòríta páìpù. Ọ̀rọ̀ náà kò nílò àlàyé fún ẹni tí ó ti rìn lójú ọ̀nà rí. Níbi tí ìkòríta bá wà ni a ti nílò ẹ̀ṣọ́.

Èyí mú mi dé orí ẹ̀ṣọ́ náà. Mo ti rí i tí a kọ ọ́ pé ohun tí ń dí omi lọ́nà. Ṣùgbọ́n dí ọ̀nà ni ó di dínà, ẹni tí ó bá sì dínà ti dí i mọ́ ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń bọ̀. Dènà yàtọ̀. Ẹni tí ó dènà dúró lójú ọ̀nà de ẹnìkan; ẹni tí kò bá dè yóò kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí nìyẹn gan-an: kí omi tí ń wọlé kọjá, kí ó sì dúró de èyí tí ó bá fẹ́ padà jáde. Adènà-àṣànpadà ni orúkọ tí ó tọ́ sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti mọ́ra, adènà lásán yóò tó. Ohun tí àwọn pulọ́mbà wa ń pè ní non-return, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdílé adènà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀, kì í sì í ṣe èyí tí ó ṣeé fọkàn tán jù.

Bóyá òǹkàwé kan ń rò pé ọ̀ràn kékeré ni a gbé gẹ̀gẹ̀ báyìí. Ní ọdún 1933, nígbà tí àfihàn àgbáyé ń lọ lọ́wọ́ ní Chicago ní Amẹ́ríkà, páìpù omi àti páìpù ìdọ̀tí bá ara wọn pàdé ní ilé-ìtura méjì. Àwọn àlejò mu omi náà, wọ́n sì túká lọ sí ìlú wọn kí àìsàn tó ṣe wọ́n. Ènìyàn 1,409 ni a kà pé ó ní ìgbẹ́-ọ̀rìn, àwọn 98 sì kú. Ní ọdún 1969, àwọn panápaná ń fi omi pa iná ní ìlú Worcester ní Massachusetts. Ipá omi já ní pápá eré kọ́lẹ́ẹ̀jì Holy Cross, páìpù tí ń bomi rin koríko sì fa omi inú kòtò kan tí àwọn ọmọdé tí ó ní àrùn mẹ́dọ̀wú ti ń ṣeré. Nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹni 97, àwọn 90 ni àrùn náà mú, wọ́n sì pa ìdíje ọdún náà tì. Àpẹẹrẹ kejì yìí ni mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ni, nítorí pé ó fi hàn pé kò sí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ burúkú kan ní ọjọ́ náà. Iná jó, a pa á. Omi nìkan ni ó ṣàn padà.

Kì í ṣe òfin nìkan ni ó dáhùn sí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Southern California dá ilé-ìwádìí kan sílẹ̀ ní 1944 fún ọ̀ràn ìkòríta páìpù nìkan, ibẹ̀ ni a sì ti ń dán àwọn adènà wò kí a tó gbà wọ́n wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà lónìí, ilé-ìwòsàn, ilé-ìtura, ilé-iṣẹ́ àti ilé-ẹran tí ó bá ní adènà gbọ́dọ̀ gba ẹni tí a fọwọ́ sí láti wá dán an wò ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí ó sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí ń pèsè omi. Èyí ni ó mú wa dé ibi tí èdè wa ti fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì jù.

Adènà tí ó lágbára jù nínú àwọn tí a fi irin ṣe ní ilẹ̀kùn méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn. Ìyẹ̀wù kan wà láàrin wọn, ipá omi inú ìyẹ̀wù yìí kò sì gbọdọ̀ tó ti omi tí ń bọ̀ láti ìta. Bí ìdọ̀tí bá há sí ẹnu ilẹ̀kùn kan, tàbí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó, tí ipá inú ìyẹ̀wù fi bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, ihò kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò ṣí fúnra rẹ̀, yóò sì da omi náà sílẹ̀ dípò kí ó jẹ́ kí ó padà sẹ́yìn. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n kí ni onílé rí? Omi tí ń ṣòfò. Ó ránṣẹ́ pe pulọ́mbà, ó ní, "Ẹ wá bá mi tún nǹkan yìí ṣe, ó ti bàjẹ́." Pulọ́mbà wo ihò náà, ó fi nǹkan dí i pa. Omi kò dà mọ́. Onílé sanwó, ó sì dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ilé yẹn kò ti ní adènà mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin náà ṣì dúró sára ògiri.

Kò sí ẹni tí ó purọ́ fún ẹnìkejì nínú ìtàn yìí. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, bàjẹ́ àti tún ṣe, ni ó tàn wọ́n. Nínú èdè wa, ohun tí ó bàjẹ́ ni ohun tí ojú rí pé kò ṣiṣẹ́ mọ́: ọkọ̀ tí kò gbéra, ilẹ̀kùn tí kò tì, ẹ̀rọ tí ń da omi nù. Adènà kò sí nínú irú wọn. Ìgbà tí ó bá ń da omi ni ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ó bá dákẹ́ lè jẹ́ ìgbà tí ó ti kú. Nítorí náà ni n kò fi fẹ́ kí àwọn ògbufọ̀ máa da iṣẹ́ tí ẹni tí a gbà yóò ṣe pọ̀ mọ́ ara wọn lábẹ́ àtúnṣe. Iṣẹ́ mẹ́ta ni. Àyẹ̀wò ni kí a fi ojú wo bí a ṣe gbé e kọ́, bí omi kò ṣe gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀, bí kò ṣe sí ọ̀nà ẹ̀yìn tí omi lè gbà yí i ká. Ìdánwò ni kí a ti fáàfù tí ó wà níwájú rẹ̀, kí a so géèjì mọ́ ẹnu kéékèèké mẹ́rin tí ó wà lára rẹ̀, kí a sì ka ìyàtọ̀ ipá láàrin ìta àti ìyẹ̀wù. Ihò ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣí kí ìyàtọ̀ náà tó dín ní 2 psi. Àtúnṣe ni kí a tú u, kí a fọ̀ ọ́, kí a pààrọ̀ rọ́bà àti sípíríǹgì rẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe, ìdánwò tún di dandan, nítorí pé ojú lásán kò lè sọ bóyá àtúnṣe náà jẹ́. Ẹni tí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò tí kò dán an wò kò tíì ṣe nǹkan kan, ó sì yẹ kí ìwé àdéhùn tí a bá kọ ní Yorùbá lè sọ bẹ́ẹ̀ láìsí àṣìgbọ́.

Ta ni oníṣẹ́ náà? A ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́: ọ̀jáfáfá, amọṣẹ́dunjú, ọ̀gá. Gbogbo wọn ni ó yin ọwọ́ rẹ̀. Kò sí èyí tí ó sọ ẹni tí ó jẹ́rìí sí i. A sì ní ètò ìjẹ́rìí kan láti ìgbà pípẹ́: ọmọ-iṣẹ́ tí ó bá parí ẹ̀kọ́ yóò gba fírídọ̀mù, ọ̀gá rẹ̀ yóò súre fún un, ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ yóò sì fún un ní ìwé tí a fi gíláàsì bò. N kò ní í bá àwọn tí ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ pé ẹnìkan sìn, ó fara balẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì yọ̀ǹda rẹ̀, gbogbo èyí sì ṣe pàtàkì. Ìdánwò iṣẹ́-ọwọ́ ti ìjọba àpapọ̀ náà wà, ti NABTEB tí a dá sílẹ̀ ní 1992 sì wà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí lórí ìgbà tí ó ti kọjá ni gbogbo wọn, orí iṣẹ́ páìpù lápapọ̀ ni wọ́n sì dúró lé. Ohun tí olùdánwò adènà ń gbé lọ́wọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè yàtọ̀: ìwé náà ní ọjọ́ tí yóò kú, ẹni tí ó ni ín gbọ́dọ̀ padà lọ jókòó fún ìdánwò kí ó tó jí i, géèjì tí ó ń lò pàápàá ni a gbọ́dọ̀ máa gbé lọ fún òṣùwọ̀n, kí a lè mọ̀ pé kò purọ́.

Mo kọ́kọ́ ronú nípa àjẹ́rìísí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àyànfẹ́ ṣe jẹ́ ẹni tí a yàn. Ọ̀rọ̀ náà tọ́ ní gírámà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ìdajì rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́jà yóò ti ká ọwọ́ lé orí kí a tó sọ ìdajì kejì. Àfọwọ́sí dára jù. Ẹ kíyè sí ohùn rẹ̀: afọwọ́sí, pẹ̀lú ohùn àárín níbẹ̀rẹ̀, ni ẹni tí ó fi ọwọ́ sí ìwé, àfọwọ́sí, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, ni ẹni tí a fi ọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Àmì kan ṣoṣo ni ó wà láàrin ẹni tí ń dá ẹ̀jọ́ àti ẹni tí a dá a fún, àwọn ìwé ìròyìn wa tí wọ́n ka àmì ohùn sí ẹrù-pípa lásán yóò sì da àwọn méjèèjì pọ̀. Olùdánwò àfọwọ́sí ni mo dábàá, nígbà náà. Àwọn tí ó bá sọ pé olùdánwò jọ olùdánniwò inú Bíbélì, ẹ jẹ́ kí a rán wọn létí pé gbogbo ẹni tí ó jókòó ti àwọn ọmọ ilé-ìwé nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ni à ń pè bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbàdúrà lé wọn lórí.

Ó ku ohun kan tí a fi lè mọ olùdánwò àfọwọ́sí tòótọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ó fẹ́ ta ẹ̀rọ, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ padà sí Ìpatà. Òfin ohun-èlò omi tí ó jáde ní 1999 fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales pín omi sí ẹ̀ka márùn-ún, láti orí omi mímu dé orí èyí tí ìgbẹ́ tàbí kòkòrò àrùn tí ó léwu ti kàn. Ẹ̀ka karùn-ún, tí ó burú jù, ni ohun-èlò àwọn alápatà bọ́ sí. Adènà onílẹ̀kùn méjì tí a ṣàpèjúwe lókè, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ àti owó tí ó ń gbà, kò tó fún ẹ̀ka karùn-ún. Àlàfo ni òfin náà ń béèrè níbẹ̀: kí ẹnu páìpù má fi ara kan omi rárá. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà ni pé kí gíga àlàfo náà jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú ẹnu páìpù, kí ó má sì dín ní íńṣì kan. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò ta adènà olówó ńlá fún alápatà. Olùdánwò àfọwọ́sí yóò ní kí ó gé rọ́bà rẹ̀ kúrú, kí ó so ó mọ́ òkè etí àgbá kí ó má baà rì, yóò sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn tí ó nílò rẹ̀.

Pé omi ní ẹ̀ka kì í ṣe ohun àjèjì ní Ìlọrin. Ọmọ ilé-kéú kékeré mọ̀ pé nínú ìlànà Màlíkì tí à ń tẹ̀lé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, omi mẹ́ta ni ó wà: èyí tí ó mọ́ tí ó sì ń sọ nǹkan mìíràn di mímọ́, èyí tí ó mọ́ fún ara rẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kò lè fi ṣe àlùwàlá, àti èyí tí nájísì ti bà jẹ́. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kò ní í ṣe wàhálà púpọ̀. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí a yá àwọn orúkọ náà fún ẹ̀ka márùn-ún wọ̀nyí. Àwọ̀, òórùn àti ìtọ́wò ni àwọn alfa fi ń dá omi mọ̀, ìyẹn sì tó fún ohun tí wọ́n ń dá mọ̀. Kòkòrò onígbáméjì kì í yí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Ẹ jẹ́ kí nájísì wà lọ́dọ̀ àwọn tí ó ni ín, kí a sì máa ka ẹ̀ka omi ní oókan, eéjì, dé aárùn-ún.

Mo mọ àtakò tí ó ń bọ̀. A ó ní àwọn pulọ́mbà ti mọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lára, pé non-return ni wọn yóò máa pè é títí. Kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀ láàrin ara wọn. Kì í ṣe àwọn ni mo ń wá ọ̀rọ̀ fún. Wọ́n ti ní tiwọn. Ẹni tí ó ń gbà wọ́n síṣẹ́ ni kò ní. Ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ní kànga ẹlẹ́rọ àti omi ìjọba nínú ọgbà kan náà, ìyá tí ó ń tọ́jú ilé ìgbẹ̀bí, ìmáàmù tí ó ń bójú tó ibi àlùwàlá tí rọ́bà ti ń rì sínú bútà láti àárọ̀ dé alẹ́, àwọn ni ó yẹ kí wọ́n lè béèrè pé: ìkòríta mélòó ni ó wà nínú ilé yìí? Àfàpadà ni ẹ dènà ni tàbí àtìpadà? Ẹ dán an wò ni tàbí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò? Ta ni ó fọwọ́ sí ìwé yín, ìgbà wo ni ó sì ń kú? Bí àwọn olùkọ́ Yorùbá àti ti sáyẹ́ǹsì ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa bá lè fi ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí sínú ìwé pélébé kan, èmi yóò fẹ́ kí wọ́n ṣe é kí a tó tún ṣe àpérò mìíràn lórí àkọtọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò. Ihò ìsàlẹ̀ adènà, tí ń ṣí láti da omi sílẹ̀, kò tíì ní orúkọ. Ihò-ìtúsílẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ẹlẹ́wọ̀n ni à ń tú sílẹ̀. Ihò-ìdànù ni ó ń jẹ́ kí onílé rò pé òfò ni. Mo ti lo akéde nínú kíláàsì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni omi tí ń dà náà ń ṣe. Ṣùgbọ́n akéde a máa sọ̀rọ̀ nípa ewu, kì í lé ewu lọ, ihò yìí sì ń ṣe méjèèjì. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó kó ìkìlọ̀ àti ìdànù pọ̀ sójú kan, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí olóòtú.